Nígbà tí òòrẹ̀ ń wá ọ̀rẹ́: Ẹ̀kọ́ tó wà nínú ìwé ọmọdé nípa ẹranko ẹlẹ́gùn-ún

Bí ènìyàn bá wọ ilé ìtàwé tí wọ́n ti ń ta ìwé ọmọdé ní ìlú òyìnbó, àwọn ẹranko tí yóò kọ́kọ́ pàdé lára èèpo ìwé ni àwọn tí ara wọn rọ̀: ehoro, béárì, ológbò, àgùntàn àti ọmọ pẹ́pẹ́yẹ. Ìdí rẹ̀ kò fara sin rárá. Ohun tí ọmọdé lè gbé mọ́ àyà ni ọmọdé ń fẹ́. Nítorí náà, ohun ìyanu ni pé òòrẹ̀ náà wà láàárín wọn, ẹranko tí gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀ kún fún ẹ̀gún, tí ọdẹ pàápàá kì í fi ọwọ́ lásán gbá mú. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí àwọn òǹkọ̀wé ọmọdé ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti ń fi òòrẹ̀ ṣe olú ẹ̀dá ìtàn nínú ìwé lóríṣiríṣi. Ìbéèrè kan náà sì ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìwé náà ń gbìyànjú láti dáhùn: báwo ni ẹni tí ara rẹ̀ ń gún ènìyàn ṣe ń ní ọ̀rẹ́?

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti òyìnbó nìkan. Irú àwọn ìwé bẹ́ẹ̀ ń dé ọwọ́ ọmọ Yorùbá, yálà ní ilé ẹ̀kọ́ aládàáni ní Èkó àti Ìbàdàn, tàbí ní ibi ìkówèésí ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Amẹ́ríkà, níbi tí ọ̀pọ̀ ìdílé Yorùbá fi ṣe ibùgbé. Òbí ló sábà máa ń ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ sí ọmọ létí kí ó tó sùn. Bí òbí náà kò bá mọ ohun tí ìtàn ọ̀hún ń lé, yóò kàn kà á kọjá ni, àwòrán aláràbarà nìkan ni yóò sì kù lọ́kàn ọmọ. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ju àwòrán lọ, nítorí ọ̀rọ̀ ọmọ tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sá fún ni, kò sì sí ilé ẹ̀kọ́ kan tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò sí.

Kí òòrẹ̀ tó di ọ̀rẹ́ ọmọdé, orúkọ burúkú ló ní nínú ìtàn àwọn ará Yúróòpù. Àlọ́ àtijọ́ kan wà tí wọ́n máa ń kà mọ́ àwọn ìtàn Aesop, ará ilẹ̀ Gíríìkì. Nínú rẹ̀, òòrẹ̀ ń wá ibi tí yóò fi orí pamọ́ sí, ó sì bẹ àwọn ejò pé kí wọ́n jẹ́ kí òun bá wọn gbé inú ihò wọn. Àwọn ejò ṣàánú rẹ̀, wọ́n gbà á sílé. Kò pẹ́ tí ẹ̀gún ara rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í gún wọn lọ́tùn-ún lósì. Nígbà tí ara wọn kò gbà á mọ́, wọ́n ní kí ó jọ̀wọ́ máa lọ. Èsì tí àlejò náà fọ̀ ni pé ibẹ̀ tẹ́ òun lọ́rùn ní tòun, ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn ni kí ó kó jáde. Bí ti igún tó ṣoore tó pá lórí ni ọ̀rọ̀ àwọn ejò wọ̀nyí rí. Ẹ̀kọ́ tí àlọ́ náà fẹ́ kọ́ni ni pé kí onílé wo irú ẹni tí ó ń gbà sílé dáadáa. Òòrẹ̀ inú rẹ̀ kì í ṣe ẹni tí ènìyàn lè káàánú.

Ní ọdún 1851, Arthur Schopenhauer, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ èrò ọmọ ilẹ̀ Jámánì, gbé òòrẹ̀ jáde lọ́nà mìíràn. Ó ní òtútù mú àwọn òòrẹ̀ kan, wọ́n sì sún mọ́ ara wọn kí ara wọn lè móoru. Bí wọ́n ti sún mọ́ra tán ni ẹ̀gún bẹ̀rẹ̀ sí í gún wọn, wọ́n sì túká. Òtútù lé wọn padà, ẹ̀gún tún tú wọn ká, títí wọ́n fi rí ìwọ̀n àlàfo kan tí wọ́n lè fi sí àárín ara wọn, tí òtútù kò ti ní pa wọ́n, tí ẹ̀gún kò sì ní gún wọn jù. Inú ìwé àwọn àgbà ni ọ̀rọ̀ yìí wà, kì í ṣe inú ti ọmọdé, ṣùgbọ́n ìṣòro tí ó sọ níbẹ̀ kò yàtọ̀ sí èyí tó wà nínú àwọn ìwé ọmọdé òde òní. Àìsúnmọ́ni kò dára, àsúnmọ́jù sì ní ewu tirẹ̀. Schopenhauer dá a lóhùn pé kí oníkálukú jìnnà díẹ̀ sí ẹnì kejì. Àwọn tó ń kọ̀wé fún ọmọdé kò gba ìdáhùn yẹn tán, nítorí pé ọmọdé kò mọ bí a ṣe ń jìnnà díẹ̀ síni. Ohun tí ó mọ̀ ni pé wọ́n fẹ́ òun tàbí wọn kò fẹ́ òun.

Ní ọdún 1982, Joseph Slate gbé ìwé kan jáde, Felicia Bond ló sì ya àwòrán inú rẹ̀. Ìtàn náà dá lórí òòrẹ̀ kékeré kan tó fẹ́ kópa nínú eré Kérésìmesì. Àwọn ọmọ ẹranko yòókù kò gbà. Wọ́n ní ẹlẹ́gùn-ún ni, wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́, iṣẹ́ ẹ̀yìn ìtàgé ni wọ́n sì yàn fún un. Ìyá rẹ̀ ló rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, tó jẹ́ kó mọ bí ó ti ṣe iyebíye tó lójú òun. Níkẹyìn, òòrẹ̀ tí wọ́n lé sẹ́yìn náà ló di ìràwọ̀ tó yọ nínú eré ọ̀hún. Kò pàrọ̀ ara rẹ̀ kí ó tó rí àyè. Ẹ̀gún tó yọ ṣọnṣọ yí ara rẹ̀ ká, tí wọ́n fi ń bú u, kò kúrò lára rẹ̀, ojú tí wọ́n fi ń wò ó ló yí padà. Ní ọdún 2001, wọ́n tún ìwé náà tẹ̀ pẹ̀lú orúkọ tuntun, èyí tó fi hàn pé lẹ́yìn nǹkan bí ogún ọdún, àwọn òbí ṣì ń wá a rà.

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ti Slate, ìyẹn ní 1986, Helen Lester kọ ìtàn òòrẹ̀ kan tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ní Fluffy, Lynn Munsinger sì ya àwòrán rẹ̀. Ìtumọ̀ orúkọ náà ni ohun tó rọ̀ múlọ́múlọ́ bí òwú. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí á tó sọmọ lórúkọ, ṣùgbọ́n àwọn òbí òòrẹ̀ yìí kò wo ilé, wọn kò sì wo ẹ̀yìn ọmọ. Nígbà tí ọmọ náà gbọ́njú, ó kíyè sí i pé orúkọ òun àti ara òun kò bára mu. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í dá oríṣiríṣi ọgbọ́n láti sọ ara rẹ̀ di ohun rírọ̀, ṣùgbọ́n pàbó ni gbogbo rẹ̀ já sí. Ní ọjọ́ kan, ó pàdé àgbáǹréré kan tó fẹ́ yọ ọ́ lẹ́nu. Àgbáǹréré náà bi í ní orúkọ, nígbà tí ó sì gbọ́ ọ, ẹ̀rín pa á débi pé kò lè dìde mọ́. Òòrẹ̀ náà bi òun ní tirẹ̀, ó sì wá hàn pé Hippo ni wọ́n ń pe àgbáǹréré ọ̀hún, èyí tí í ṣe orúkọ erinmi. Àwọn méjèèjì jọ rẹ́rìn-ín títí, wọ́n sì di ọ̀rẹ́.

Ẹni tí a tọ́ dàgbà nílé Yorùbá yóò rí ohun kan nínú ìtàn yìí tó ṣeé ṣe kí òyìnbó má rí. Ìgbàgbọ́ Yorùbá ni pé orúkọ ọmọ ní í máa ro ọmọ. Fluffy gbìyànjú kí orúkọ ro òun, kò ṣeé ṣe. Ohun tó gbà á kalẹ̀ ni pé ó pàdé ẹlòmíràn tí ìṣòro rẹ̀ jọ tirẹ̀. Wọn kò fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n jọ fi ọ̀rọ̀ náà rẹ́rìn-ín ni. Ìyàtọ̀ ńlá ló wà láàárín méjèèjì, ọmọdé sì tètè máa ń mọ̀ ọ́n.

Ní ọdún 2002, Lisa Wheeler gbé ìtàn Cushion jáde, pẹ̀lú àwòrán láti ọwọ́ Janie Bynum. Orúkọ náà tún jẹ́ ẹ̀fẹ̀, nítorí ohun tí à ń pè ní tìmùtìmù ni. Òòrẹ̀ yìí ń dá gbé nínú ọgbà ẹranko, ó sì ń wá aya. Ó ń kọrin kiri fún àwọn ẹranko mìíràn, wọn kò sì gba tirẹ̀, títí ó fi bá Barb pàdé, tí òun náà jẹ́ ẹlẹ́gùn-ún. Ṣùgbọ́n Barb kì í ṣe òòrẹ̀. Ẹranko kékeré tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní hedgehog ni. Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń ṣi ọ̀rọ̀ mú nìyí, nítorí pé wọ́n rò pé ohun kan náà ni àwọn méjèèjì. Òòrẹ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú ẹbí eku, ewébẹ̀, gbòǹgbò, èso àti èèpo igi ni ó sì sábà máa ń jẹ. Hedgehog kì í ṣe ẹbí eku rárá. Kòkòrò àti ekòló ni oúnjẹ rẹ̀, ẹ̀gún rẹ̀ kúrú, kì í sì í tètè bọ́, bí ẹ̀rù bá sì bà á, ṣe ni ó máa ń ká ara rẹ̀ jọ bí bọ́ọ̀lù. Ẹ̀gún tó wà lára wọn nìkan ló mú kí wọ́n jọra. Òǹkọ̀wé náà mọ èyí, ó sì fi ṣe adùn ìtàn rẹ̀: àwọn méjì tí wọn kì í ṣe ìbátan wá mọ̀ pé ohun tí gbogbo ayé ń bẹ̀rù lára wọn kò ṣàjèjì sí ara wọn.

Laurie Isop gba ọ̀nà mìíràn ní ọdún 2011, nínú ìwé tí Gwen Millward ya àwòrán rẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ìwé náà bèèrè: báwo ni a ṣe ń gbá òòrẹ̀ mọ́ra? Àwọn ọmọdé inú rẹ̀ ń gbá oríṣiríṣi ẹranko mọ́ra, kò sì sí ìṣòro. Ìgbà tó kan òòrẹ̀ ni olúkúlùkù ń fà sẹ́yìn. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ìbẹ̀rù, ọmọ kan fi sùúrù sún mọ́ ọn, ó sì gbá a mọ́ra. Nínú ìtàn yìí, kì í ṣe òòrẹ̀ ni iṣẹ́ wà lọ́rùn rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ bá a ṣọ̀rẹ́ ló gbọ́dọ̀ wá ọgbọ́n tí yóò fi sún mọ́ ọn.

Nígbà tó di ọdún 2018, tí Laura Renauld kọ tirẹ̀, tí Jennie Poh sì ya àwòrán rẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹ̀gún ti fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí nínú ìtàn mọ́. Òòrẹ̀ ibẹ̀ ti ní ọ̀rẹ́ kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀. Ó fẹ́ dín páì tí wọ́n fi èso pupa cranberry ṣe fún àsè ìgbà ìkórè, ṣùgbọ́n bí ó ti ń pàdé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́nà ni ó ń gbọ́ pé èròjà kan tán lọ́wọ́ olúkúlùkù wọn. Ó ń fún wọn lára tirẹ̀. Nígbà tó yá, èso tirẹ̀ di àwátì, kò sì lè ṣe páì mọ́. Àwọn tí ó ti ràn lọ́wọ́ wá kó ara wọn jọ, wọ́n sì jọ pèsè oúnjẹ tuntun kan. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, bí Yorùbá ti máa ń wí. Ẹ wo bí òòrẹ̀ ti rìn jìnnà tó: àlejò tó lé onílé jáde nínú àlọ́ àtijọ́ ti di onílé tó ń pín oúnjẹ fún aládùúgbò.

Bí ènìyàn bá to àwọn ìwé wọ̀nyí síwájú ara rẹ̀, yóò rí ohun kan tó so wọ́n pọ̀. Kò sí èyí tí ẹ̀gún òòrẹ̀ ti bọ́ kúrò lára rẹ̀ nígbẹ̀yìn. Èyí mú kí wọ́n yàtọ̀ sí ìtàn olókìkí tí Hans Christian Andersen, ọmọ ilẹ̀ Denmark, kọ ní ọdún 1843, nípa ọmọ pẹ́pẹ́yẹ kan tí kò lẹ́wà. Nínú ìyẹn, ìyà ọmọ náà dópin nígbà tí ó hàn pé kì í ṣe pẹ́pẹ́yẹ rárá, ẹyẹ mìíràn tó lẹ́wà jù wọ́n lọ ni. Ìtùnú ni fún ọmọ tí ara rẹ̀ yóò yí padà. Ṣùgbọ́n kí ni a ó sọ fún ọmọ tí ara rẹ̀ kò ní yí padà? Ọmọ tó ń kólòlò ń bẹ, ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ṣe déédéé ń bẹ, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ àfín àti ọmọ tí ojú máa ń tì débi pé kò lè dá sí ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀. A kò lè sọ fún wọn pé kí wọ́n mú sùúrù di ọjọ́ tí wọn yóò di ẹyẹ mìíràn. Òòrẹ̀ ló lè bá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀, nítorí òòrẹ̀ ni nígbà tí wọ́n ṣí ìwé, òòrẹ̀ náà sì ni nígbà tí wọ́n pa á dé.

Ẹranko tí wọ́n ń yà sínú àwọn ìwé náà tún yẹ kí á mọ̀ bí ó ti rí gan-an, nítorí ọmọdé máa ń gba ohun tó bá rí nínú ìwé gbọ́. Òòrẹ̀ Amẹ́ríkà Àríwá ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ṣe àwòkọ́ṣe. Ẹ̀gún ara rẹ̀ tó bí 30,000. Irun ni ẹ̀gún wọ̀nyí ní ìpilẹ̀ṣẹ̀, ohun tó para pọ̀ di èékánná ènìyàn náà ló sì mú wọn le. Ìgbàgbọ́ kan ti wà láti ayé àwọn Gíríìkì àtijọ́ pé òòrẹ̀ lè ta ẹ̀gún rẹ̀ bí ẹni ta ọfà. Irọ́ ni. Ẹ̀gún náà kàn máa ń tètè bọ́ lára rẹ̀ nígbà tí ó bá kan ẹlòmíràn ni. Lẹ́nu ẹ̀gún òòrẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn ìkọ́ wẹ́wẹ́ kan wà tó kọjú sẹ́yìn. Ní ọdún 2012, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan tẹ ìwádìí jáde tó fi hàn pé àwọn ìkọ́ wọ̀nyí ń mú kí ẹ̀gún náà tètè wọ ara, kí ó sì nira láti fà yọ. Wọ́n ń wo bí àwọn oníṣègùn ṣe lè fi ọgbọ́n yìí ṣe abẹ́rẹ́ àti ohun ìlẹ̀mọ́ ojú ọgbẹ́.

Òmíràn tún wà tó dùn ún gbọ́. Yorùbá gbà pé ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ti òòrẹ̀ Amẹ́ríkà kò rí bẹ́ẹ̀. Orí igi ni ó ti ń jẹun, ó sì máa ń já bọ́ nígbà mìíràn, ẹ̀gún rẹ̀ á sì gún òun fúnra rẹ̀. Uldis Roze, onímọ̀ nípa ohun ẹlẹ́mìí tó lo ọ̀pọ̀ ọdún láti tọ ipasẹ̀ òòrẹ̀ lórí àwọn òkè Catskill ní ìpínlẹ̀ New York, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kọ ọ́ ní ọdún 1990 pé ọ̀rá tó bo ẹ̀gún náà lágbára láti dènà kòkòrò àrùn. Ara ẹ̀gún tó ń dá ọgbẹ́ síni lára ni oògùn wà. Bí òǹkọ̀wé kan bá ń wá ìtàn tuntun fún ọmọdé, ọ̀kan tó ti parọ́rọ́ nílẹ̀ nìyẹn.

Òòrẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá yàtọ̀ sí ti Amẹ́ríkà yìí. Èyí tó tóbi jù kì í gun igi. Inú ihò ilẹ̀ ló ń gbé, òru ló ń jáde, àwọn àgbẹ̀ sì mọ̀ ọ́n nítorí ohun tó máa ń fi iṣu, ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo wọn ṣe. Ó lè wúwo tó ogún kílógíráàmù, ẹ̀gún ẹ̀yìn rẹ̀ sì lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 30, ó dúdú, ó funfun, kò sì ní ìkọ́ wẹ́wẹ́ lẹ́nu bí ti Amẹ́ríkà. Oríṣi kejì tó ń gbé inú igbó kìjikìji kéré sí i, ìrù rẹ̀ gùn, ó sì ní ìdì kan lẹ́nu ìrù náà tó dàbí ìgbálẹ̀. Ọ̀yà tí àwọn ọlọ́jà ń tà lójú títì jẹ́ ìbátan òòrẹ̀, ó tilẹ̀ sún mọ́ ọn ju òkété lọ.

Ìwà òòrẹ̀ ńlá yìí tún yẹ ní gbígbọ́. Kì í kọ́kọ́ gún ẹnikẹ́ni. Bí ọ̀tá bá dojú kọ ọ́, yóò na gbogbo ẹ̀gún rẹ̀ sókè, yóò fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀, yóò sì mi àwọn ẹ̀gún oníhò tó wà nídìí ìrù rẹ̀ kí wọ́n lè máa dún ṣaworo. Ìkìlọ̀ ni gbogbo ìyẹn. Bí ọ̀tá kò bá gbọ́ ìkìlọ̀ ni yóò tó kọ ẹ̀yìn sí i, tí yóò sì fi ẹ̀yìn sáré lù ú. Nínú ihò rẹ̀, kì í ṣe ẹni tó ń dá gbé. Akọ àti abo máa ń wà pọ̀ fún ìgbà pípẹ́, wọ́n sì jọ ń tọ́jú àwọn ọmọ wọn. Ẹ̀gún ọmọ òòrẹ̀ rọ̀ nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bí i, lẹ́yìn náà ni ó tó ń le. Bí àwọn ẹlẹ́gùn-ún wọ̀nyí ṣe ń sùn pọ̀ nínú ihò kan láìpa ara wọn lára, wọ́n ti rí ìdáhùn sí ìṣòro tí Schopenhauer sọ.

Pẹ̀lú gbogbo èyí, òòrẹ̀ kò lókìkí nínú ìwé ọmọdé ní èdè Yorùbá. Ìjàpá ló gba ipò iwájú, èyí kò sì ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu, nítorí pé àlọ́ Ìjàpá pọ̀ débi pé Adébóyè Babalọlá kó wọn jọ sínú ìwé tó jáde ní ọdún 1973. Ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ àti ojúkòkòrò ni Ìjàpá fi ń kọ́ni. Òòrẹ̀ lè fi ohun mìíràn kọ́ni, ohun èlò ìtàn rẹ̀ sì wà nínú oko àti nínú ìrírí àwọn ọdẹ. Bí èyí kò bá sí nínú ìwé, ọmọ Yorùbá yóò mọ ẹranko tó ń jẹ èèpo igi nínú òjò dídì ní ilẹ̀ òkèèrè, kò sì ní mọ èyí tó ń gbẹ́ ihò lẹ́yìn oko bàbá bàbá rẹ̀. Yóò mọ orúkọ rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, kò sì ní mọ̀ pé òòrẹ̀ ni à ń pè é, bẹ́ẹ̀ orúkọ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dún bí ọ̀rẹ́ fúnra rẹ̀.

Iṣẹ́ kékeré kan wà nínú èyí fún òbí àti olùkọ́. Bí wọ́n bá ń ka irú ìwé bẹ́ẹ̀, kí wọ́n dárúkọ ẹranko náà fún ọmọ ní èdè Yorùbá. Kí wọ́n sọ fún un pé òòrẹ̀ gidi kì í ṣe ohun tí a ń fọwọ́ kàn, kí ó má baà rí ẹ̀gún rẹ̀ nílẹ̀ kó sì fi ṣeré. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n bi í léèrè pé ta ni òòrẹ̀ nínú kíláàsì rẹ̀. Ìdáhùn tí ọmọ bá fọ̀ lè ya òbí lẹ́nu. Òmíràn yóò dárúkọ ẹlòmíràn, òmíràn yóò sì dákẹ́, nítorí pé òun fúnra rẹ̀ ni.

Ṣùgbọ́n ìṣọ́ra kan pọn dandan, kí a má baà fi ìwé wọ̀nyí ba ọmọ jẹ́. Ẹ̀gún méjì ló wà. Ẹ̀gún ara ni èyí tí a bí mọ́ni, òun sì ni Slate, Lester àti àwọn yòókù ń sọ. Kò sí ẹ̀bi nínú rẹ̀, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi bú ọmọ. Ẹ̀gún ìwà ni èkejì, òun ni òòrẹ̀ inú àlọ́ àtijọ́ gbé wọ ilé ejò. Ẹni tó ń lu ọmọ ẹlòmíràn, tó ń jà wọ́n lólè, tó sì ń sọ pé bí òun ti rí nìyẹn, kì í ṣe ẹ̀gún ara ni ó ní. Ìwà ṣeé tún ṣe, ara ni kò ṣeé pàrọ̀. Òbí tó bá fi ẹ̀gún ara bú ọmọ ti ṣìkà. Èyí tó bá sì fi ẹ̀gún ìwà ṣeré, tó ní kí gbogbo ayé fara mọ́ ọn, ti kọ́ ọmọ náà láti máa lé onílé jáde. Àwọn àgbà ti là á sílẹ̀ pé bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún ni a ó fi fà á mọ́ra. Ọwọ́ òsì wà fún ẹ̀gún ìwà. Ọwọ́ ọ̀tún wà fún ọmọ náà fúnra rẹ̀, àti gbogbo ẹ̀gún tí Ọlọ́run dá mọ́ ọn.